Ìró Tí Ọdẹ́rìndé Gbọ́ Lábẹ́ Yìnyín Ọmọ Alábàjà

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá, ọdún 1983, ọyẹ́ mú ní ìlú Òkè-Àgbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi yọ bí ẹni tí a da aṣọ funfun bò lójú. Ètè àgbà àti ọmọdé sán, eruku bo ewé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń fẹ́ wá láti ìhà àríwá. Òjò kò rọ̀ ní ọjọ́ náà, kò sì ṣú. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni ẹgbẹ́ ọdẹ péjọ sí àgbàlá Olúọ́dẹ, Bàbá Akínsọ́wọ́n, lábẹ́ igi odán, láti ṣípà fún Ọdẹ́níyì, ọdẹ tí ó ti ilé lọ láti ọdún mẹ́sàn-án, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí kò mọ òfin ọdẹ lè rò pé ọ̀ràn ẹkún lásán ni ìṣípà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ń ṣípà ọdẹ, a ó kó aṣọ ìgbẹ́ rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti àpò rẹ̀ jọ, a ó gbé wọn kọ́ sára igi bí ẹni pé ènìyàn ló dúró, a ó sun ìrèmọ̀jé tí í ṣe arò ọdẹ sí i, lẹ́yìn náà a ó gbé e lọ sí etí igbó, a ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti kúrò láàárín àwọn alààyè. Bí ó tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé ní ọjọ́ kejì, kò sí ilẹ̀kùn kan ní Òkè-Àgbọ̀n tí yóò ṣí fún un, nítorí òkú ni òfin pè é, a kì í sì í bá òkú jẹun.

Wọ́n ti gbé aṣọ Ọdẹ́níyì kọ́. Ẹni tí yóò sun ìrèmọ̀jé ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Ìgbà yìí gan-an ni Ọdẹ́rìndé wọlé.

Ọdẹ́rìndé ni àbúrò Ọdẹ́níyì, ọmọ ìyá kan náà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ó kúrò nílé láti wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó ń lọ, irun rẹ̀ dúdú díẹ̀, ó funfun díẹ̀. Nígbà tí ó ń bọ̀, ó ti funfun bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Irun ojú rẹ̀ méjèèjì ti jóná. Ẹ̀wù kan tí a fi òjé rọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ ń gba ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí ó bá tẹ ẹrẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbé ohùn yín mì! Ẹ̀gbọ́n mi kò kú."

Ògúnjìmí, ọdẹ kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ rẹ̀ lọ, ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, "Háà, Ọdẹ́rìndé! Àṣé o ṣì wà láyé? Ìpà tìrẹ ni a fẹ́ gbé tẹ̀lé èyí."

"Ògúnjìmí, ìpà tèmi yóò wúwo jù fún ọrùn rẹ. Ṣé ọrùn tí ọ̀yà kan ṣoṣo mú sunkún láti oko dé ilé?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Olúọ́dẹ gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

Bàbá Akínsọ́wọ́n ní, "Ọdẹ́rìndé, káàbọ̀. Inú mi dùn pé mo rí ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ òfin wa. Ọdẹ tí ó bá ní òun pa ẹran ní igbó tí òun kò lè gbé e délé, ìrù rẹ̀ ni yóò gé wá. Ẹni tí kò mú ìrù bọ̀, kò pa ẹran. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ wà láàyè. Ìrù dà?"

"Bàbá, ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà tí a gbà bọ̀, ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Bí mo bá sọ tán tí kò wọ̀ yín létí, ẹ máa sun ìrèmọ̀jé yín, n kò ní dá yín lọ́wọ́ kọ́."

Àyọ̀ká, aya Ọdẹ́níyì, dìde láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n ti gbé aṣọ opó lé e lórí itan, ṣùgbọ́n kò ì tí ì ró o. Ó bu omi wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún Ọdẹ́rìndé.

Ó ní, "Adúmáradán, ọkọ mi, ẹ kú àbọ̀. Omi rèé. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi yìí gbé e mì. Ọdún mẹ́sàn-án ni n kò fi jẹ́ opó, tí n kò sì jẹ́ ẹni tó lọ́kọ. Ẹ má fi kún un fún mi."

Ọdẹ́rìndé mu omi náà tán. Ó jókòó lórí gbòǹgbò igi odán, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ òṣùpá tiwa, èyí tí í ràn sí àgbàlá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà jíjìn réré, níbi tí oòrùn fúnra rẹ̀ kò ti lágbára mọ́, òmìrán kan wà tí à ń pè ní Alábàjà. Ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé ilà ìbú kún ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pupa lórí funfun, funfun lórí pupa, bí àbàjà tí olóòlà kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró. Ó ní ojú pupa kan ṣoṣo tí í yí bìrìpé láìsinmi. Alábàjà ní òṣùpá púpọ̀ bí ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn funfun, yìnyín ni ó fi ṣe aṣọ, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé òkun wà lábẹ́ yìnyín náà tí omi rẹ̀ lè ju gbogbo omi ayé wa lọ.

Ọ̀rọ̀ òkun yìí ni ó mú Ọdẹ́níyì kúrò nílé. Ó ní ọdẹ tí ó mọṣẹ́ kì í sá tẹ̀lé ẹran kiri. Etí omi ni í lúgọ sí, nítorí ohun tí ó bá lẹ́mìí yóò wá mumi. Ó ní bí omi bá wà níbẹ̀, òun fẹ́ lọ mọ ohun tí ń mu ún. Láti ọjọ́ tí ó ti sọ èyí ni a kò rí i mọ́.

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé tẹ̀lé e, ó rò pé ẹni tí ń lọ síwájú, iwájú náà ni yóò kọjú sí. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sílẹ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀ fà á bí ìyá tí ó di ọmọ rẹ̀ láṣọ mú. Níkẹyìn ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin gíga kan tí ó jókòó ní bodè ayé. Apá rẹ̀ gùn ju ọ̀pẹ lọ, ó sì ń fi àwọn òkúta ńláńlá ṣeré bí ẹni ń fi kànnàkànnà sọ̀kò. Ìyá Oníkànnàkànnà ni orúkọ rẹ̀.

Ó bi í pé, "Ọdẹ, níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ síwájú, sí ọ̀dọ̀ Alábàjà."

"Nígbà náà, kọjú sẹ́yìn."

"Màmá, ṣé ẹ ń fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Kí ni àgbò máa ń ṣe kí ó tó kàn?"

Ọdẹ́rìndé ronú díẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Obìnrin náà gbá a lọ́wọ́ mú, ó fì í yípo, ó jù ú sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ pupa bí osùn; èyíinì náà fì í yípo, ó jù ú padà; Ìyá Oníkànnàkànnà wá tún fì í lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì sọ ọ́ sí òfuurufú pẹ̀lú eré tí ẹyẹ àwòdì kò lálàá rẹ̀ rí. Kí ó tó jù ú sílẹ̀, ó fún un ní ìwo kan, ó ní bí ọ̀ràn bá dé, kí ó fun ún, òun yóò dáhùn.

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, Ọdẹ́rìndé kọjú sí àwọn tí ń gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, ẹ wò mí dáadáa. Ta ni nínú yín tí obìnrin méjì ti gbá sọ́tùn-ún gbá sósì bí bọ́ọ̀lù, tí kò sunkún?"

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ògúnjìmí ni! Ìyàwó rẹ̀ méjèèjì ń gbá a lójoojúmọ́!"

Ògúnjìmí ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kó máa parọ́ rẹ̀ lọ."

Ìrìn náà gba oṣù lórí oṣù. Ọdẹ́rìndé kò rí igi, kò rí ilé, kò rí ẹni tí yóò kí. Agbádá kan ni ó wọ̀ tí í mu oòrùn bí aṣọ gbígbẹ ṣe ń mu omi, ohun tí agbádá náà bá mu ni ó ń fi yá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ ni oòrùn ń kéré. Ó kéré bí àwo, ó kéré bí ọsàn, ó wá kù bí ọmọ ayò. Bí oòrùn bá ti kéré sí i, Ọdẹ́rìndé á tún na apá agbádá rẹ̀ sí i, títí tí agbádá fi fẹ̀ ju ọjà Òkè-Àgbọ̀n lọ, síbẹ̀ ohun tí ó ń rí mu nínú rẹ̀ kò ju ẹ̀kán kan lọ. Bí ènìyàn bá na ọwọ́ rẹ̀ tán, tí oúnjẹ kò sì dé ẹnu rẹ̀, sùúrù ni yóò jẹ.

Ní ọjọ́ kan, ó rí òkúta kan tí ń bọ̀ lókèèrè. Ó fun ìwo sí Ìyá Oníkànnàkànnà, ó ní, "Màmá, ṣé kí n yà sọ́tùn-ún ni, àbí sósì?" Ó dúró. Kò gbọ́ nǹkan. Òkúta dé, ó gbá fìlà rẹ̀ lọ. Ó jókòó, ó gbé ẹ̀wà kaná. Nígbà tí ẹ̀wà jinná, tí ó ti ń jẹ ẹ́, ni ohùn obìnrin náà wá dé láti ọ̀nà jíjìn: "Ọmọ mi, yà sósì!" Láti ọjọ́ náà ni ó ti mọ̀ pé ìmọ̀ràn ilé kò lè bá ìjà oko mọ́. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ yà.

Lẹ́yìn èyí ni ó dé agbègbè Alábàjà, níbẹ̀ ni ó sì ti mọ̀ pé òtútù nìkan kọ́ ni ọ̀tá òun. Òmìrán yìí ní èémí kan tí a kò lè fi ojú rí. Kì í jó aṣọ, kì í jó ara bí iná. Inú ìrántí ènìyàn ni í wọ̀. Bí ó bá fẹ́ sí ọ lẹ́ẹ̀kan, o gbàgbé ohun tí o jẹ lánàá. Bí ó bá fẹ́ sí ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, o gbàgbé ọ̀nà ilé. Egungun àwọn tí ó gbàgbé láti mí wà káàkiri níbẹ̀. Ìdí èyí ni Ọdẹ́rìndé fi wọ ẹ̀wù òjé, nítorí òjé nìkan ni ó ń dá èémí náà dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n òjé kò lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọgbọ́n tí ó tún dá ni pé kò bá òmìrán gbé ojúlé kan náà. Á sáré wọlé, á wo ohun tí ó lè wò, á sì sáré jáde, bí ẹni ń yọ iṣu nínú iná. Lẹ́yìn náà á lọ dúró lókèèrè, á máa ka oríkì ara rẹ̀ láti mọ èyí tí ó ti sọnù. Ó wọlé, ó jáde, bẹ́ẹ̀ nígbà mọ́kàndínláàádọ́ta.

Ó ní, "Mo ka orúkọ bàbá mi, ó pé. Mo ka orúkọ ìyá mi, ó pé. Mo ka orúkọ ajá mi, mi ò rí i mọ́."

Ẹnìkan nínú àwọn ọdẹ pariwo pé, "Tẹ̀míyẹmí ni! Tẹ̀míyẹmí ni ò ń pè é! Ajá tó ṣe ọ́ lóore tó báyìí!"

Ọdẹ́rìndé mi orí. Ó ní, "Orúkọ rere ni. Ṣùgbọ́n létí mi, ajá ẹlòmíràn ni." Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó wọ inú ibẹ̀ ní ìgbà ìkẹyìn, ó sọ̀kalẹ̀ sórí òṣùpá funfun náà. Yìnyín lọ títí dé ibi tí ojú mọ. Ilà pupa rúsúrúsú fà kọjá lójú rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ bá jọ bàbá. Yìnyín náà ń kérora lábẹ́ ẹsẹ̀, nítorí Alábàjà ń fà á mọ́ra, ó sì ń tú u sílẹ̀, ó ń fà á, ó ń tú u. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ọyẹ́ ń mú wá; ìtọ́ tí ó tu di òkúta kí ó tó kan ilẹ̀.

Kò rìn jìnnà tí Oníbodè, ẹni tí ń ṣọ́ òkun náà, fi dúró níwájú rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ara rẹ̀ ń tàn bí dígí, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ó bi í pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wá?"

"Èmi nìkan ni."

"Irọ́ ni. Ẹ pọ̀ ju èrò ọjà lọ."

Ọdẹ́rìndé bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹni iyì, mo fi orúkọ baba mi búra, n kò mú ẹnikẹ́ni lẹ́yìn."

Oníbodè fi ìka kan nu apá rẹ̀, ó na ìka náà sí i lójú. Ọdẹ́rìndé wò ó, ẹ̀rù bà á. Lórí ìka náà, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú ènìyàn kì í rí ń rìn lọ rìn bọ̀ bí ìjàlọ. Wọ́n wà ní abẹ́ èékánná Ọdẹ́rìndé, wọ́n wà láàárín eyín rẹ̀, wọ́n wà nínú ojú rírán àpò rẹ̀.

Oníbodè ní, "Ọmọ ilé yín ni wọ́n. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá kán sínú omi mi, yóò bí sí i. Lọ́la ẹnìkan yóò wá wo inú omi náà, yóò rí ọmọ ilé yín, yóò sì máa yọ̀ pé ọmọ ilé mi ni òun rí. Kò sí ẹni tí yóò mọ òtítọ́ mọ́ títí ayé. Bọ́ sínú iná."

Ìgbà méje ni ó mú un gba inú iná kọjá. Iná jó irun ojú rẹ̀, ó jó gbogbo oúnjẹ tí ó kù nínú àpò rẹ̀, ó jó okùn bàtà rẹ̀. Ẹ̀wù òjé náà yọ́ létí kan. Ọdẹ́rìndé sọ fún àwọn tí ń gbọ́ ọ pé, "Ẹ wo ojú mi! Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún èéfín nígbà tí ẹ bá ń yan ẹran, ọdẹ wo ni ó ti wẹ iná nínú yín?" Lẹ́yìn ìgbà keje ni Oníbodè tó yà fún un lọ́nà.

Ní ẹnu ihò kan nínú yìnyín ni ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdẹ́níyì jókòó, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dì mọ́ àyà, ó sì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pinpin.

Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Rìndé, o pẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ pẹ́! Ọdún mẹ́sàn-án! Kí lẹ dì mọ́wọ́?"

"Obì ni."

"Obì?"

"Ṣé ìwọ náà kò mọ ohun tí Bàbá wa kọ́ wa ni? Ọdẹ kì í dúró létí omi àjèjì kó má fún un ní nǹkan jẹ. Ẹni tó bá débi omi olómi tí kò kí i, olè ni, kì í ṣe ọdẹ. Mo gbẹ́ ihò yìí láti ju obì sí i. Oníbodè dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní bí mo bá la ọwọ́, òun á sọ mí di yìnyín. Mo ní bí n kò bá kí omi, n kò ní lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì wà."

"Ẹ kò sì lè mú obì yín máa bọ̀ nílé?"

"Kí n wá sọ kí ni nílé? Pé mo dé etí omi tó tóbi jù lọ, mo sì yọ́ kúrò bí ológbò tó jí ẹja? Rìndé, mo lè kú, ṣùgbọ́n n kò ní ya aláìmọ̀wàáhù."

Ọdẹ́rìndé mọ̀ pé agídí ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣe èyí tí a ń bá jà. Ó yẹ ihò náà wò. Ọdẹ́níyì ti ṣẹ́ àdá méje níbẹ̀, nítorí yìnyín ọ̀hún le bí irin. Níkẹyìn, òkúta gbígbóná kan tí kì í tutù ni ó fi ń yọ́ ọ lọ sísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì tún gbé òkúta náà sọ̀kalẹ̀. Ó ń yọ́ yìnyín níwájú, ihò sì ń dì padà lẹ́yìn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí okùn tí wọ́n so mọ́ ọn fi há sínú yìnyín. Wọ́n tú okùn títí okùn fi tán. Wọn kò dé ibi omi. Ọdẹ́rìndé sọ èyí lẹ́ẹ̀mejì fún àwọn tí ń gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í sọ: wọn kò dé ibi omi.

Nígbà náà ni ọgbọ́n sọ sí i lọ́kàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá pa ẹfọ̀n, kí lẹ fi ń kí i?"

"Ìjálá ni."

"Bí ẹ bá fẹ́ wọ igbó tí ẹ kò wọ̀ rí ńkọ́?"

"Ìjálá náà ni."

"Ṣé èèrà wà nínú ohùn? Ṣé kòkòrò wà nínú ohùn?"

Oníbodè, tí ó dúró tì wọ́n, kò dí i lọ́nà. Ọdẹ́rìndé dojú bolẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ yìnyín, ó sì sun ìjálá:

"Omi, mo júbà o.
Omi tí kò mọ òjò, omi tí kò mọ oòrùn,
Àgbà omi tí ń sùn lábẹ́ òrùlé dídì,
Ẹni tó débi rẹ tí kò kí ọ, ọ̀fun rẹ̀ ni yóò bi í.
N kò mú obì wá, n kò mú iyọ̀ wá,
Ohùn ni mo mú wá, ohùn kì í ba omi jẹ́.
Ọmọ ọdẹ Òkè-Àgbọ̀n ló kí ọ.
Bí o bá wà nílé, jẹ́ wa;
Bí o kò bá sí nílé, a ti kí ọ."

Ó fi etí lélẹ̀. Ìró kan dún lábẹ́: gbì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà gbọ́ ọ. Ó bú sẹ́kún, omijé rẹ̀ dì lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó dìde, ó tọ iná Oníbodè lọ, ó sì la ọwọ́ rẹ̀ sínú iná fúnra rẹ̀. Obì ọdún mẹ́sàn-án jó di eérú.

Oníbodè ní, "Ẹ ti kí i. Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ní ohùn, gbọ́ mi. Ohun tí o gbọ́ ni kí o sọ nílé. Bí o bá fi ẹnu rẹ pa ẹran tí ojú rẹ kò rí, níbikíbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá dé lọ́nà, yóò padà wá jókòó síbí."

Ọ̀nà àbọ̀ kì í gbé ju ẹnìkan lọ. Ọdẹ́rìndé ni ó fúyẹ́ jù, òun ni ọ̀nà kọ́kọ́ gbé padà sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí yìnyín ọdún mẹ́sàn-án ti wọ̀ lára, ń bọ̀ ní tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Báyìí ni ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ògúnjìmí sì dìde, ó gbọn ìdí agbádá rẹ̀.

Ó ní, "Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ni ó dún gbì? Ẹja ni àbí ọ̀nì? Orí mélòó ni ó ní?"

"N kò rí i."

"Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo wa níbí la mọ bí a ṣe ń sọ ìtàn ọdẹ. Sọ pé o rí ìrù rẹ̀. Sọ pé ó gùn tó ibí dé ilé Olúọ́dẹ. A ó gbà ọ́ gbọ́, a ó tú aṣọ yìí sílẹ̀, gbogbo wa á sì lọ jẹun."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "Sọ ọ́! Sọ ọ́!" Kódà ẹni tí yóò sun ìrèmọ̀jé ní òun náà fẹ́ gbọ́ bí ẹran náà ṣe rí.

Ọdẹ́rìndé wo aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń mì lórí igi. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù. Láti ọmọ ogún ọdún ni ó ti ń sọ ìtàn ìgbẹ́, kò sì sí ẹtu tí ó pa rí tí kò di ẹfọ̀n kí ó tó délé. Ẹnu rẹ̀ yún un. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́.

Ó dìde dúró. Ó ní, "Èmi Ọdẹ́rìndé, mo ti wẹ iná lẹ́ẹ̀méje. Mo ti gba ẹ̀gbẹ́ Alábàjà kọjá nígbà mọ́kàndínláàádọ́ta. Kò sí ọdẹ kan ní ayé yìí tó rìn tó mi, ẹni tó bá sì ní ó wà, kí ó jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó dún lábẹ́ yìnyín, n kò rí i. Ó lè jẹ́ ẹlẹ́mìí. Ó lè jẹ́ yìnyín ló sán, nítorí yìnyín ibẹ̀ a máa sán. Gbì ni mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni. N kò ní sọ méjì."

Ògúnjìmí ní, "Nígbà náà kò sí ìrù."

"Kò sí."

Bàbá Akínsọ́wọ́n dìde. Ó rìn lọ síbi igi tí a gbé aṣọ kọ́.

Ó ní, "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mo ti ń gbọ́ ìtàn ọdẹ. Kò sí èyí tí wọn kò fi ẹsẹ̀ kan kún ẹran rẹ̀. Bàbá mi fi kún un. Èmi náà fi kún un. Ẹkùn mi tí ẹ ń kọrin rẹ̀, ológìnní ìgbẹ́ ni." Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. "Èyí ni ọdẹ àkọ́kọ́ tí a fún láyè kí ó fi kún un, tí a bẹ̀ ẹ́ kí ó fi kún un, tí ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí rẹ̀ lójú tiwa, tí ó sì kọ̀. Ohun tí kò sọ yẹn ni ìrù tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tú aṣọ ọkùnrin yìí sílẹ̀."

Àyọ̀ká ni ó kọ́kọ́ dé ìdí igi. Ó tú fìlà ọkọ rẹ̀, ó gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, ó sì gbé e lé orí ara rẹ̀, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ, láì bẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà nìwọ̀nyí: Bàbá Akínsọ́wọ́n tí í ṣe Olúọ́dẹ, Ọdẹ́rìndé, Ògúnjìmí àti ìyàwó rẹ̀ méjèèjì, ọdẹ mẹ́tàdínlógún mìíràn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tí ó yẹ kí ó sun ìrèmọ̀jé, tí kò sun ún, àti Àyọ̀ká pẹ̀lú obìnrin mẹ́fà láti agbo ilé rẹ̀. Ọdẹ́níyì kò sí níbẹ̀. Ó wà lọ́nà.